Bí Ọwọ́ Mi Ṣe Kúrò Nídìí Ẹ̀rọ Ìránṣọ

Apá òsì bùláòsì kan ni mo ń so mọ́ ara rẹ̀ nígbà tí ìròyìn dé. Obìnrin tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ìjọba ní Adó ni, ó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Mo ti fi píìnì dì í yí ká, mo wá ń fi ọwọ́ ọ̀tún darí rẹ̀ sábẹ́ abẹ́rẹ́ díẹ̀díẹ̀, torí ibi èjìká ni àwọn oníbàárà máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí Ìyá Elépà ṣe já wọ ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, obìnrin tó ń tajà lẹ́nu géètì ilé ìwé ọmọ mi. Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ̀.

"Ìyá Bùkọ́lá, má jẹ́ kí àyà rẹ já o."

Àyà mi ti já kó tó sọ ọ́ tán.

"Kí ló ṣe Bùkọ́lá?"

"Ó já bọ́ látorí igi fúrúùtù. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ o! Òun gan-an ló ní kí n wá pè ọ́."

Mo fi bùláòsì sílẹ̀ sábẹ́ abẹ́rẹ́, mo jáde. Láti ọjọ́ náà, n kò fi ọwọ́ ọ̀tún yìí rán aṣọ mọ́.

Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ mi ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó máa ń sọ irú ìtàn yìí sábà máa ń jẹ́ àgbàlagbà tó ti lo iṣẹ́ wọn títí ó fi tó wọn. Èmi kò lo tèmi tó. Ẹ̀yin ọmọ tó ń jáde ilé ìwé gírámà, tí ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ dára, mo fẹ́ràn tèmi. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọwọ́ yìí ṣe di ọwọ́ télọ̀, kí ẹ lè mọ ohun tó lọ.

Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Èsì ìdánwò mi jáde, kò tó èyí tí wọ́n lè fi gbà mí sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́. Bàbá mi mú mi lọ bá Àǹtí Rónkẹ́, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bàbá mi sì fi mí sílẹ̀ síbẹ̀.

Àǹtí Rónkẹ́ kò ga, kì í sì í pariwo. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbọ́ ìró sílípáàsì rẹ̀ báyìí, gbogbo wa á ti jókòó dáadáa. Kò fún mi ní aṣọ fún ìgbà pípẹ́. Ilẹ̀ ni mò ń gbá, èédú ni mò ń fẹ́ sínú áyọ́ọ̀nù, tí eérú bá sì bọ́ sára aṣọ oníbàárà, mo gbé. Nígbà tó yá, ó gé bébà sìmẹ́ǹtì, ó fi báírò fa ìlà sí i, ó ní kí n máa fi ẹ̀rọ tẹ̀lé ìlà náà láìfi òwú sí i. Ihò abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà. Tí mo bá ṣe tán, á gbé bébà náà sókè sí ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ á sì máa yọ láti inú àwọn ihò náà.

"Wá wò ó. Ṣé ejò ló gba ibí kọjá ni?"

"Rárá, mà."

"Àbí o mu ẹmu wá síbi iṣẹ́?"

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí wọn. "Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbé tiyín wá ká wò ó." Ẹ̀rín parí.

Rúlà onígi rẹ̀ kì í jìnnà sí i. Oríkèé ìka ló máa ń gbá. Aṣọ tí mo fi gbogbo òwúrọ̀ rán, á ní kí n tú u, kí n tún un rán, kí n tún un tú. Mo sunkún níbẹ̀ gan-an. Mo bú u lábẹ́lẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ kan, mo pa ojú dé, mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yẹ àǹkárá wò, mo sì mọ ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo mọ ibi tí aṣọ ń fà sí. Mo lè mú sísọ́ọ̀sì gba àárín yáàdì aṣọ kọjá láìfi ṣọ́ọ̀kì sàmì. Orí mi kọ́ ló ń ṣe é, ọwọ́ yìí ló mọ̀ ọ́n.

Ó ní òfin kan tí kò fi ṣeré rárá. Fúnmiláyọ̀, ọ̀kan nínú wa, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ wọ inú èékánná rẹ̀, ó fi àkísà wé e, ó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ó bẹ̀rù rúlà. Ìka náà wú, ó gba ọyún. Àǹtí Rónkẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tó dé, ó tò wá sílẹ̀. Ó ní tí abẹ́rẹ́ bá gún ẹnikẹ́ni, kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, kó fi ọwọ́ yí wíìlì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ pa dà díẹ̀díẹ̀, kó fi omi tó mọ́ fọ ojú ibẹ̀, kó wò ó bóyá ẹnu abẹ́rẹ́ pé tàbí ó ṣẹ́ sínú, kó sì wá sọ fún òun lójú ẹsẹ̀. "N kò ní na ẹni tó fara pa," ó sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹni tó bá fi pamọ́ fún mi ni màá nà."

Mo gba fíríídọ̀mù, mo lọ́kọ, a kó wá sí Ìṣẹ́. Olùkọ́ ni ọkọ mi, ní ìlú Iro ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, gbogbo ẹni tó mọ ìwé díẹ̀ sì ń wá iṣẹ́ lọ sí Adó, wọ́n ń wá aṣọ tí wọ́n á wọ̀ jókòó ní ọ́fíìsì. Iṣẹ́ pọ̀. Àwọn tó ń ti Èkó wálé ń mú sítáì tuntun wá nínú kàlẹ́ńdà. Mo fi ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo so mọ́tọ̀ kékeré mọ́ ọn nígbà tó yá, tí iná bá wà, á máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, tí iná bá lọ màá tún gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà. Mo gba ọmọọṣẹ́ méjì. Mo máa ń gbé bébà sìmẹ́ǹtì tiwọn náà sókè sí ojú fèrèsé.

Ibi tí mo dé nìyẹn lọ́jọ́ tí Ìyá Elépà wá pè mí. Ọjọ́rú ni.

Mo dá ọ̀kadà tó kọ́kọ́ kọjá dúró. Mo ní, "Sáré, ọmọ mi ni." Ó sáré. Ilé ń dìde káàkiri nígbà yẹn, àwọn tó ń kọ́lé sì ń da iyanrìn sójú ọ̀nà. Ọ̀kadà gun orí iyanrìn, táyà yọ̀, mo sì na ọwọ́ ọ̀tún síwájú kí n má fi ojú lulẹ̀.

Mo gbọ́ ọ nígbà tó kán. Ó dún bí igi gbígbẹ.

Àwọn èèyàn sáré dé. Ìṣẹ́ ni, ojú ọ̀nà kì í ṣófo. Ẹnì kan gbé mi dìde láti ẹ̀yìn. Ẹnì kan da omi sí mi lórí. Ọkùnrin kan di ọwọ́ tó kán náà mú, ó ń fà á. "Nà án! Gbọ̀n ọ́n! Kí ẹ̀jẹ̀ má dì síbẹ̀!" Èmi náà gbọ̀n ọ́n. Ọlọ́kadà ti wà lórí eékún, ṣòkòtò rẹ̀ ti ya, ó ń bẹ̀ mí. Bàbá àgbà kan tó jókòó sábẹ́ bárándà sọ̀rọ̀ síta: "Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò sẹ́ni tó kú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn máa lọ." Kò sẹ́ni tó bi ọlọ́kadà náà léèrè orúkọ rẹ̀. Èmi náà kò bi í. Mo ń pariwo pé kí wọ́n fi mí sílẹ̀, kí n lọ wo ọmọ mi.

Mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Bùkọ́lá wà ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, tíṣà rẹ̀ ti fi aṣọ tẹ ojú egbò náà títí wọ́n fi dé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń rán an. Orí ọmọ kò fọ́, awọ ni ó ya. Bó ṣe rí mi, ó ní, "Mọ́mì, mo já fúrúùtù pupa kan o," ó sì ṣí ọwọ́ rẹ̀, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Ọwọ́ mi wà lábẹ́ ìborùn.

Nọ́ọ̀sì wò mí. "Ìyá ọmọ, ọwọ́ yín yẹn ńkọ́?"

"Ó kàn rọ́ ni, sísítà."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí lè béèrè ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, tí Ọlọ́run bá yọ ọmọ, ìyá rẹ̀ kì í tún máa ráhùn nípa ara rẹ̀. Wọ́n á ní aláìmoore ni. Gbogbo ẹni tó wá kí wa nílé lọ́jọ́ yẹn, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: ojú ọmọ ni kí o máa wò, ọwọ́ á san. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo wo ojú ọmọ.

Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn mi, mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Òun ló gbé omi kaná, ó fi tówẹ́ẹ̀lì jó ọwọ́ náà, ó fi àdí wọ́ ọ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Mo ké. Ó ń bá mi ké. Nígbà tí ọwọ́ tún wú sí i, ó ní, "Ulé la á ti tọ́jú rẹ̀, má lọ ọsibítù tí wọ́n á ti gé e fún ọ." Ó ránṣẹ́ pe bàbá kan tó ń to eegun.

Bàbá náà ti to ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn nílùú, wọ́n sì ń rìn. N kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó fa ọwọ́ náà, ó to ọparun wẹ́wẹ́ yí i ká, ó fi aṣọ dì í. Ó dì í le. Òrùka ìgbéyàwó mi ṣì wà lórí ọwọ́ yẹn; ọwọ́ òsì ni wọ́n wọ̀ ọ́ sí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti yọ ọ́ sí ọ̀tún torí kì í jẹ́ kí òsì di aṣọ mú dáadáa. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀.

Ọwọ́ tó wú, tí wọ́n tún fi aṣọ dì pinpin, kò ní ibi tó máa wú sí. Ìka mi ń ta bí ìgbà tí wọ́n fi í sínú iná. Mo ní kí wọ́n tú u díẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?" bàbá béèrè.

"Ó ń dùn mí gan-an, bàbá."

"Ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Eegun ló ń so. Ẹ má tú u o."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìrora náà rọlẹ̀. Inú ilé dùn. Ìyá ọkọ mi ní, "Ṣé o rí i?" Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé n kò mọ ìka mi lára mọ́. Mo fi wọ́n kan ògiri, kò sí nǹkan kan. Wọ́n tutù. Mo rántí Fúnmiláyọ̀. Mo rántí rúlà. Mo sọ fún ìyá ọkọ mi pé ìka mi ti sùn, ó sì ní kí n jẹ́ kó sùn, ara ló fẹ́ sinmi.

Ìdánwò dá ọkọ mi dúró sí Iro lọ́sẹ̀ yẹn. Kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní ọjọ́ Ìsinmi, a lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí Bùkọ́lá. Wọ́n kọrin, a jó lọ síwájú, ọmọ mi wà níwájú mi pẹ̀lú báńdéèjì lórí bí fìlà. Pásítọ̀ ní ká gbé ọwọ́ sókè. Mo gbé òsì. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti bá wa, eruku ọ̀nà ṣì wà lára rẹ̀. Ó dì mọ́ ọmọ, ó yíjú sí mi, ó wo ìka mi tó yọ lẹ́nu aṣọ ìdì.

"Kí ló dé tí wọ́n dúdú báyìí?"

"Wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ ni."

Ó yọ báírò lápò, ó fi tẹ ìka àárín mi. "Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"O ti tẹ̀ ẹ́ ni?"

Ó fà mí jáde níbẹ̀, orin ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Ní ọsibítù ńlá, dókítà ọ̀dọ́ kan ló fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ ìdì náà. Bó ṣe ṣí i tán, ó fọwọ́ kan ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n fi ayùn kékeré gé òrùka náà kúrò. Lẹ́yìn náà ló jókòó tì wá. Ó ní, "Eegun tó kán kì í ṣe wàhálà, màdámú. Eegun á so. Ẹ̀jẹ̀ ni kò ráyè kọjá. Ẹran inú apá yín ti kú." Ó bi mí ìgbà tí mo ti mọ̀ pé n kò mọ ìka mi mọ́. Nígbà tí mo sọ fún un, ó wo ilẹ̀. Ó ní ká ní mo dé ní ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, tàbí ká ní ẹnì kan kàn tú aṣọ yẹn nígbà tí mo ní kí wọ́n tú u, apá náà ì bá yè.

Wọ́n ṣí apá náà, wọ́n yọ èyí tó ti bàjẹ́. Wọn kò gé ọwọ́. Ó wà lára mi báyìí, àwọn ìka ká sínú bí èékánná ẹyẹ, wọn kì í nà. Mo ń lọ síbi tí wọ́n ti ń nà án fún mi títí wọ́n fi sọ pé ibi tó máa dé ló dé yìí.

Àǹtí Rónkẹ́ wá láti Ìkẹ́rẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó gbé ọwọ́ mi lé itan rẹ̀, ó ń fi ìka rẹ̀ to ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ibi tí aṣọ ti fà.

"Ta ló dì í báyìí?"

Mo sọ fún un.

"Kí ni mo kọ́ yín? Kí ni mo kọ́ yín ní Ìkẹ́rẹ́?" Ohùn rẹ̀ ga, n kò gbọ́ ọ rí bẹ́ẹ̀. "Mo ní kí ẹ wá sọ fún mi! Ṣé mo ní àyàfi tó bá jẹ́ ọ̀kadà?" Ó sì bú sẹ́kún, obìnrin tí mo rò pé kò ní omi lójú. Kó tó lọ, ó kó àwọn ọmọọṣẹ́ mi méjèèjì, ó ní òun á parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn. Mo gbà. Mo da aṣọ bo ẹ̀rọ.

Mo gbìyànjú ọwọ́ òsì. Ó lè tẹ áyọ́ọ̀nù, ó lè rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ díẹ̀. Sísọ́ọ̀sì kọ̀ fún un. Ní báyìí, òwú, sípù àti bọ́tìnnì ni mò ń tà fún àwọn télọ̀ mìíràn, wọ́n sì ń bi mí léèrè bí wọ́n ṣe máa gé nǹkan, mo ń fi ẹnu gé e fún wọn. Ìyá ọkọ mi kì í wo ọwọ́ mi. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé, "Uṣẹ́ rẹ ni mo fi àdí wọ́ lọ." N kò bínú sí i. Mo kàn ń ṣọ̀fọ̀ ọwọ́ mi ni, inú mi kì í sì í dùn tí mo bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ bá fara pa lójú ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn fà yín dìde. Ẹ jókòó tàbí kí ẹ dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ mọ ibi tó ń dùn yín ná. Ibi tó bá kán, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ. Ẹ yọ òrùka àti ẹ̀gbà kó tó wú. Ẹ gbé pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ so ó rọra mọ́ àyà, kó wà lókè díẹ̀, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó gbé yín ṣubú, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ àti ẹni tó rí i, kódà tí ẹ bá ti dárí jì í. Ẹ jẹ́ kí àgọ́ ọlọ́pàá gbọ́, ẹ tọ́jú ìwé tí ọsibítù bá fún yín. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti di nǹkan mọ́ yín lára, ẹ máa wo ìka yín: ṣé àwọ̀ rẹ̀ pé, ṣé ó gbóná, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ṣé ó ń mì? Tí ọ̀kan nínú rẹ̀ kò bá rí bó ṣe yẹ, ẹ tú u. Ẹ má dúró de ẹni tó dì í. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìdúpẹ́.

Bùkọ́lá náà yí pa dà. Ó dẹ́kun gígun igi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ láìrán an níṣẹ́, ó ń pọn omi, ó ń wo ojú mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń gbìyànjú láti de ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn nírun, ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, ojú ògiri ló kọ sí, "Mọ́mì, ká ní n kò gun fúrúùtù ni, ọwọ́ yín ì bá wà."

Mo yí i pa dà kó kọjú sí mi.

Mo ní, "Igi ni ìwọ gùn. Gbogbo ọmọ ló ń gun igi. Ìwọ kọ́ lo da iyanrìn sójú ọ̀nà, ìwọ kọ́ lo dì mí lọ́wọ́. Tí wọ́n bá tún wá pè mí lónìí pé o já bọ́, màá tún sáré. Ṣé o gbọ́? Màá sáré bí ti ìjọ́sí. Ṣùgbọ́n tí èmi náà bá ṣubú lọ́nà, màá sọ fún wọn pé kí wọ́n wo èmi náà, torí ọmọ mi ni mò ń lọ gbé, mo sì nílò ọwọ́ tí màá fi gbé e."

"Èmi, Mọ́mì?"

"Ìwọ ni." Mo nu ojú. "Jókòó dáadáa. Fi ọwọ́ rẹ di apá kan ríbọ́ọ̀nù yìí mú, kí èmi fi òsì di ìkejì."